Ìgò, Ìdérí àti Ẹ̀rí: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Di Oògùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Òwe yìí bá a mu gan-an nígbà tí ẹni tó já ewé, ẹni tó gún un àti ẹni tó lò ó jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Lónìí, oògùn tí à ń lò lè ti òkè òkun wá, kí ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ kọjá kí ó tó dé ẹnu aláìsàn. Bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò bá jẹ́, ó lè má jẹ́ ewé ló kù. Ó lè jẹ́ pé ohun tí a fi dì í ló já, tàbí pé ìwé tó wà lára ìgò rẹ̀ ló parọ́. Ìtàn ohun tí a fi ń di oògùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi gbé yẹ̀ wò, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ní Yábà, níbi tí mo ti ń kọ́ni.

Kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Èkó ni Yorùbá ti mọ oògùn dì. Inú àdó ni a ń rọ ẹ̀bù sí, a ó sì dí ẹnu rẹ̀ pinpin kí omi àti kòkòrò má baà dé ibẹ̀. Bákan náà, àwọn baba wa mọ̀ pé bí a ṣe di nǹkan lè sọ̀rọ̀. Ẹ rántí ẹ̀kọ́ wa lórí àrokò: bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra, ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó kẹ̀yìn síra. Ààbò àti ẹ̀rí, ohun méjì yìí náà ni àwọn tó ń ṣe ìgò àti páálí oògùn ń lé kiri títí di òní.

Ní 1925, Àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ilé ìwádìí ibà pọ́njú sí Yábà. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin aláìsàn kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà báyìí. Ara Asibi yá, ṣùgbọ́n ọ̀bọ tí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ náà kó àrùn. Báyìí ni wọ́n ṣe rí kòkòrò àrùn náà mú. Dókítà Adrian Stokes, tó wà nínú iṣẹ́ náà, kó ibà pọ́njú, ó sì kú ní Èkó ní ọdún kan náà. Láti inú kòkòrò tí wọ́n rí lára Asibi yìí ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní Amẹ́ríkà ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1951. Yábà pẹ̀lú di ibi tí ìjọba ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná, ti ibà pọ́njú àti ti àrùn dìgbòlugi, títí iṣẹ́ fi dúró níbẹ̀ ní 1991.

Ṣíṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ iṣẹ́ kan; kí ó dé abúlé láìbàjẹ́ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Kòkòrò àrùn inú afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ooru sì lè pa á. Ní ti àkọ́kọ́, apoògùn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Stanislas Limousin, ti gbé ìgò tín-ín-rín kan jáde ní 1886. A ó fi iná yọ́ ẹnu rẹ̀ pa, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i láìfọ́ ọrùn rẹ̀. Ní ti ooru, Leslie Collier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ọ̀nà ní àwọn ọdún 1950 láti gbẹ àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná nínú òtútù, kí a tó sé e mọ́ inú ìgò. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìpolongo tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1967 borí: ní 1970 ni a rí ṣọ̀pọ̀nná kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí. Láti 1996 ni àmì kékeré kan ti wà lára ìgò àjẹsára rọpárọsẹ̀. Ó jẹ́ òbìrí tó ní igun mẹ́rin funfun nínú. Bí ooru bá ti ń mú ìgò náà ni igun mẹ́rin yìí ń dúdú sí i. Bí ó bá ti dúdú tó òbìrí tó yí i ká, a kò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Àrokò kọ́ nìyẹn bí?

Ṣùgbọ́n ìgò tó dí pinpin lè gbé májèlé. Ní 1990, ó lé ní 100 ọmọdé tó kú ní Ìbàdàn àti Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu parasitamọ́ọ̀ olómi. Ohun tí wọ́n fi po oògùn náà kì í ṣe ohun tí wọ́n pè é nígbà tí wọ́n tà á. Diethylene glycol ni, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní 2008, irú májèlé yìí kan náà tún wọ inú oògùn eyín àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní My Pikin, ọmọ 84 ló sì bá a lọ. Kì í ṣe ìdérí ló jẹ̀bi nínú ọ̀ràn méjèèjì. Ẹ̀rí ni kò sí: kò sí ẹni tó tọpa ohun inú àgbá dé orísun rẹ̀.

Ní 1993 ni òfin dá NAFDAC sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì di ohun tí à ń wò lára páálí oògùn. Nígbà tí Dora Akunyili di olórí rẹ̀ ní 2001, ogun tó gbé ti ayédèrú oògùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú ní 1988 nítorí ayédèrú insulin. Ní 2003, àwọn oníbọn dènà dè é, ọta ìbọn sì gba gèlè orí rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè tẹ ayédèrú páálí lè tẹ ayédèrú nọ́ńbà. Ìdí nìyí tí NAFDAC fi gbé ètò mìíràn jáde ní 2010: a ó họ ojú ibì kan lára páálí, a ó fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, èsì yóò sì sọ bóyá ojúlówó ni. Nísinsìnyí, ọ̀nà tí ayé ń tọ̀ ni àmì onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń kà, èyí tó ń fún páálí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ dé ọwọ́ aláìsàn.

Amẹ́ríkà pàápàá kò gbọ́n títí ojú fi já a. Ní 1982, ẹnì kan tí a kò mọ̀ títí di òní fi májèlé sínú oògùn Tylenol lórí àtẹ ní agbègbè Chicago, ènìyàn méje sì kú. Lẹ́yìn èyí ni òfin wá pàṣẹ pé ìgò oògùn gbọ́dọ̀ ní èdídí tó ń fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ibà mú ọmọ mi lóru. Mo sáré lọ sí kẹ́míìsì kan nítòsí ilé. Owó ọwọ́ mi kò tó ra odidi káàdì oògùn, ni ẹni tó ń tajà bá fi sáàsì gé e sí méjì. Nígbà tí mo délé, mo wá ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́ títí, n kò rí i. Ó ti bá ààbọ̀ tó kù lọ. Gbogbo ọgbọ́n tí ilé iṣẹ́ fi di oògùn náà, sáàsì kan ti gé e dànù. Mo jókòó ti ọmọ náà, oògùn lọ́wọ́, n kò lè fún un. Ilẹ̀ mọ́ kí a tó rí dókítà. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara ọmọ náà yá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ sábà máa ń mọ ìwé kà jù nínú ilé nígbà tí òbí bá rán yín ní oògùn. Ẹ wo èdídí bóyá ó ti já. Ẹ wá ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Bí ibi tí a ń họ bá wà, ẹ họ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì lo ìgò tán, ẹ fọ́ ọ tàbí kí ẹ ya ìwé ara rẹ̀ kí ẹ tó dà á nù, nítorí ìgò òfìfo ni àwọn ayédèrú ń wá. Lónìí, kì í ṣe ewé nìkan ló ń kù nínú oògùn tí kò jẹ́. Ojú tó yẹ kí ó wò ó náà lè kù.