Oògùn, Àdúrà àti Ìwé Mímọ́: Bí Àwọn Aládùúrà ṣe Fi Ẹ̀kọ́ Bíbélì Sílò ní Ilẹ̀ Yorùbá, 1918–1943

Ìfáàrà

Ọdún 1884 ni Bíbélì lódindi jáde ní èdè Yorùbá. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wéé kà, ìbáà ṣe alágbẹ̀dẹ wúrà, akọ̀wé tàbí olùkọ́, lè ka Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ láìdúró de àlùfáà. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni ìbéèrè tí ó tẹ̀lé kíkà náà: bí ènìyàn bá ti ka ẹ̀kọ́ kan tán, báwo ni yóò ṣe máa fi í ṣèwà hù nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, tàbí nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀kọ́ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ wà nínú Ìwé Jákọ́bù, orí karùn-ún, níbi tí a ti ní kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n wá gbàdúrà fún un.

Lùkúlùkú àti Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí Yorùbá pè ní lùkúlùkú gba inú ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Kò pẹ́ tí ó fi tàn dé àwọn ìlú òkè. Oògùn òyìnbó kò ràn án, bẹ́ẹ̀ ni àgbo kò ràn án. Ní àkókò ìpọ́njú yìí ni àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour, Ìjẹ̀bú-Òde, ń pàdé láti gbàdúrà. Joseph Ṣádárè, alágbẹ̀dẹ wúrà, ni aṣáájú wọn. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ń wàásù pé kí àwọn ènìyàn kọ gbogbo oògùn sílẹ̀, kí wọ́n máa fi àdúrà àti omi òjò wo ara wọn sàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n sọ ara wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọ kò rí ohun tó burú nínú àdúrà wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà wá kọ oògùn pátápátá, tí wọ́n kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, tí wọ́n sì ń gbé ara lé àlá àti ìran, ọ̀rọ̀ di ti Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones. Ní ọdún 1922, ìyapa dé. Ṣádárè fi ipò rẹ̀ nínú Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì ní láti yọ ọmọ wọn kúrò ní ilé-ìwé ìjọ. Ohun tí ẹsẹ Bíbélì kan ná àwọn ènìyàn wọ̀nyí nìyẹn: ipò, oúnjẹ òòjọ́ àti ẹ̀kọ́ ọmọ.

Ìtumọ̀ Oògùn

Èdè fúnra rẹ̀ là wá lóye lórí ìdí tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, oògùn ni àgbo ibà, oògùn ni ońdè, oògùn náà ni ohun tí a fi ń ṣe ẹni ní ibi. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn ìwòsàn ni ó ní ọfọ̀ tàbí ètùtù nínú. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí òrìṣà, kò rọrùn láti ya ewé sọ́tọ̀ kúrò lára ọfọ̀. Kíkọ gbogbo oògùn sílẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan láti fi hàn pé òun ti kúrò nínú ẹ̀sìn àtijọ́ láìwẹ̀yìn.

Láti Philadelphia dé Ilé-Ìyá-Ìjọ Ìlú Òyìnbó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, nípasẹ̀ D. O. Ọ̀dúbánjọ ní Èkó, ẹgbẹ́ náà so pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, ìjọ tí òun náà kọ oògùn. Ìwé ìròyìn àti lẹ́tà ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìjọ náà kò rán míṣọ́nnárì kankan wá. Àjọṣe yìí ti tú kí ọdún 1930 tó dé.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, tí ó ti fi iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ ìtẹ̀nà sílẹ̀ láti di oníwàásù, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Ilé-Ìṣà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Ọ̀pọ̀ jó òrìṣà àti oògùn wọn níná. Ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Nítorí pé àwọn aṣáájú ń wá ẹni tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìfura yìí, wọ́n kọ̀wé sí ìjọ Apostolic ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aṣojú ìjọ náà dé ní ọdún 1931. Àwọn míṣọ́nnárì tí yóò máa gbé ìlú tẹ̀lé wọn ní 1932.

Àríyànjiyàn lórí Kuníìnì

Àwọn míṣọ́nnárì wọ̀nyí gbà gbọ́ pé àdúrà ń wo aláìsàn sàn, síbẹ̀ wọ́n ń lo kuníìnì kí ibà má baà pa wọ́n. Lójú tiwọn, Bíbélì kò ka oògùn léèwọ̀. Lójú Ọ̀dúbánjọ, Babalọlá àti I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó ń wàásù pé Ọlọ́run nìkan ni oníwòsàn kò gbọdọ̀ gbé kuníìnì mì. Láàárín ọdún 1939 sí 1941, ìjọ náà pín. Àwọn Yorùbá kan dúró ti àwọn òyìnbó. Àwọn tó kù lọ dá dúró, wọ́n sì forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943.

Ìyàtọ̀ èrò yìí wọ inú ilé kan náà. A. B. Akínyẹlé, tí ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, di Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà. I. B. Akínyẹlé, àbúrò rẹ̀, di àgbà nínú ìjọ aládùúrà, ó sì jọba gẹ́gẹ́ bí Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Bíbélì kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtàn yìí fi hàn pé kì í ṣe àìgbàgbọ́ ni ó ya Áńgílíkà àti aládùúrà, tàbí aládùúrà àti míṣọ́nnárì. Gbogbo wọn ni ó gba Bíbélì. Ohun tí ó yà wọ́n ni ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ bí a ó ṣe gbé ẹsẹ kan láyé, àti ohun tí ó tọ́ kí onígbàgbọ́ pàdánù nítorí rẹ̀. Kò sì yẹ kí ìtàn bo òdìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀: nínú àrùn tí oògùn kápá, bí ibà, ẹ̀mí ni ẹni tí ó kọ oògùn ń fi wewu, nígbà mìíràn ẹ̀mí ọmọ tí kò lè yan fún ara rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá ní láti gbé ìgboyà àti ewu yìí kalẹ̀ pọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé kíkà rọrùn, ṣùgbọ́n fífi ohun tí a kà sílò ní iye tí ó ń náni.