Àwọn Òkúta Gao àti Àwọn Ọba Tí Ìwé Kò Mọ̀

Odò Ọya tí gbogbo wa mọ̀ ní Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Tápà, kó tó wọ Nàìjíríà rárá, ó ti kọjá lára ìlú kan tó ń jẹ́ Gao ní orílẹ̀-èdè Mali. Gao kì í ṣe ìlú kékeré nígbà ayé rẹ̀. Àwọn oníṣòwò máa ń gun ràkúnmí la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá síbẹ̀, nígbà tó sì yá, ibẹ̀ ló di olú ìlú ilẹ̀ ọba Songhay. Ní ẹ̀yìn ìlú náà, lápá ìlà oòrùn, itẹ́ òkú àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Gao-Saney. Ní 1939, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣèjọba níbẹ̀, wọ́n rí àwọn òkúta kan nínú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá wà lára wọn. Àwọn òkúta yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Òkúta orí sàréè ni wọ́n. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ọba. Ọba kìíní kú ní 1100, orúkọ rẹ̀ ni Muhammad ọmọ Abdullah. Èkejì kú ní 1110, Abu Bakr ọmọ Abu Quhafa ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta kú ní 1120. Wọ́n kọ orúkọ ilé rẹ̀ síbẹ̀, Yama ọmọ Kuma, wọ́n wá fi kún un pé Umar ọmọ al-Khattab ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéú á ti rí i. Orúkọ Ànábì fúnra rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn náà ni ti àrólé rẹ̀ kìíní, lẹ́yìn náà ni ti èkejì, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tò nínú ìtàn Ìsìláàmù. Kò sí bí ìyẹn ṣe lè ṣèèṣì. Ẹni tó ń yan orúkọ yẹn fún ọba mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìran àwọn ní Gao kì í ṣe kèfèrí etí aṣálẹ̀ kan, pé ìjọba àwọn tọ́ lójú ẹ̀sìn. Ní 1068, al-Bakri, ará Sípéènì tó kọ ìwé nípa ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ti sọ pé bí wọ́n bá fẹ́ fi ọba jẹ ní Gao, wọ́n á fún un ní òrùka, idà àti Kùránì. Ohun tí al-Bakri gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò, òkúta náà ló wá gbè é lẹ́sẹ̀.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ibi tí òkúta ọ̀hún ti wá. Mábù ni àwọn kan nínú wọn, kò sì sí mábù bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Gao. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo irú òkúta náà àti irú ọwọ́ tí wọ́n fi gbẹ́ lẹ́tà ara rẹ̀, Almería ló tọ́ka sí, ìlú etí òkun kan ní gúúsù Sípéènì. Àwọn agbẹ́kùúta ibẹ̀ gbẹ́ ẹ tán pẹ̀lú orúkọ òkú lára, wọ́n gbé e sọdá òkun, ràkúnmí wá rù ú la Sàhárà kọjá. Ibi tó rìn lé ní 2,000 kìlómítà. Ẹ rò ó wò ná. Ọba kú, ẹnì kan ní láti kọ orúkọ àti ọjọ́ ikú rẹ̀ sínú ìwé ránṣẹ́, owó ní láti lọ, òkúta ní láti bọ̀. Ẹni tó lè ṣe báyìí ní oníbàárà gidi níbẹ̀, ó ní akọ̀wé, ó ní owó. Òkúta kan ṣoṣo ti sọ nǹkan fún wa nípa òwò, nípa ìwé kíkọ, nípa ọ̀nà tó já síra wọn láàárín Sípéènì àti Odò Ọya, láìjẹ́ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ ní in lọ́kàn láti sọ ọ́. Nígbà tó yá, àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òkúta tiwọn fúnra wọn, pẹ̀lú òkúta ilẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tún wà níbẹ̀. Lára àwọn òkúta Gao-Saney, a rí ti àwọn obìnrin tí wọ́n kọ oyè *malika* sí orúkọ wọn. Lédè Lárúbáwá, *malik* ni ọba, *malika* sì ni obìnrin tó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ìṣòro, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìyàwó ọba àti fún obìnrin tó gorí oyè. Àwa Yorùbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A ní láti yàn: ṣé ayaba ni àbí ọbabìnrin? Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Òkúta náà ò pe àwọn obìnrin yìí ní aya lágbájá. Orúkọ wọn, orúkọ bàbá wọn àti oyè wọn ló wà níbẹ̀. Lójú tiwa, oyè gidi kan ló jọ, oyè tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọba ọkùnrin. Ẹni tó bá mọ ìlú Oǹdó kò ní fi ìyẹn ṣe ìyanu, torí pé Lóbùn wà ní Oǹdó títí dòní, obìnrin tí wọ́n ń pè ní ọba obìnrin, ìtàn wọn níbẹ̀ sì sọ pé Púpùpú, obìnrin, ló kọ́kọ́ jọba ìlú náà.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òkúta wò pẹ̀lú ìwé. Kí wọ́n tó rí àwọn òkúta yìí, ìwé tí gbogbo èèyàn gbára lé fún ìtàn Gao ni àwọn tí wọ́n kọ ní Timbuktu, pàápàá Tarikh al-Sudan tí Abd al-Rahman al-Sa'di kọ ní nǹkan bí ọdún 1655. Ó to orúkọ àwọn ọba Gao láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ó tò dáadáa, kò sí ibi tó já. Àmọ́ àwọn ọba mẹ́ta tí òkúta wọn wà nílẹ̀ yìí, kò sí wọn níbẹ̀. Kò sì sí orúkọ obìnrin kankan tí wọ́n pè ní *malika*.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti fipá so méjèèjì pọ̀. Wọ́n á ní bóyá lágbájá inú ìwé ni tàmẹ̀dù ara òkúta. Paulo de Moraes Farias ló wá fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn nínú ìwé ńlá tó gbé jáde ní 2003 lórí gbogbo àkọsílẹ̀ Lárúbáwá àtijọ́ ilẹ̀ Mali. Ó ní ká yéé fi ìwé Timbuktu ṣe ọ̀gá tí òkúta gbọ́dọ̀ tẹríba fún. Àwọn tó kọ ìwé yẹn ní ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Ogun Mòrókò ti tú ilẹ̀ Songhay ká ní 1591, àwọn aláṣẹ tuntun ti dé, àwọn akọ̀wé náà sì fẹ́ fi ìtàn gígùn tí kò já láàárín bá ìlú wọn wá àyè nínú ètò tuntun náà. Ibi tí ìtàn ti já, wọ́n so ó.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwa ń ṣe, nǹkan méjì la máa ń yẹ̀ wò bí ètò kan bá dàrú. Ọ̀kan ni ìwé àlàyé tí àwọn tó kọ ètò náà kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́. Èkejì ni log, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ìwé àlàyé máa ń dùn kà. Log kì í dùn, ó sì máa ń ní ihò. Àmọ́ bí méjèèjì bá ta kora, ẹ ti mọ èyí tí a máa kọ́kọ́ gbà gbọ́. Ká má wá sọ ọ́ di pé òkúta kì í parọ́ o. Ọba tó ránṣẹ́ sí Sípéènì fún mábù ní nǹkan tó fẹ́ kí á rò nípa òun. Ṣùgbọ́n irọ́ tí òkúta bá pa, irọ́ ọdún 1100 ni, èyí náà ní ohun tó ń sọ nípa ọdún 1100.

Irú ìjà yìí, àwọn tó ń ka òkúta àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti jà á ju ẹnikẹ́ni lọ. Àdéhùn kan wà láàárín ìlú Athens àti ìlú Egesta ní erékùṣù Sicily. Àwọn ará Athens kì í ka ọdún ní iye, orúkọ olóyè kan tí wọ́n ń pè ní archon ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń sọ pé "nígbà ọba lágbájá." Òkúta àdéhùn yìí ti họ, lẹ́tà méjì ìparí orúkọ archon náà nìkan ló ṣe é kà dáadáa: "on". Ó lè jẹ́ Habron, tó wà lóyè ní ọdún 458 kí wọ́n tó bí Jésù, ó sì lè jẹ́ Antiphon, ní 418. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà fọwọ́ sọ̀yà pé ti àkọ́kọ́ ni, torí pé lẹ́tà S tó wà lára rẹ̀ ní ilà mẹ́ta, wọ́n sì ti ṣòfin pé lẹ́yìn ọdún 446 ilà mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Harold Mattingly dìde láti 1961, ó ní òfin yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1990, Mortimer Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná laser wo òkúta náà, Antiphon ni wọ́n kà. Ogójì ọdún ló fi sún síwájú, àdéhùn náà sì bọ́ sí ọdún mẹ́ta ṣáájú kí Athens tó kó ọkọ̀ ogun lọ sí Sicily, ogun tó fọ́ wọn lẹ́yìn.

Àwọn Gíríìkì tún ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan tó dùn mọ́ àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nínú. Wọ́n á to lẹ́tà bí ebè iṣu tí wọ́n fi okùn wọ̀n, lẹ́tà lábẹ́ lẹ́tà, iye kan náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí òkúta bá wá kán, ẹ lè ka iye lẹ́tà tó sọnù láìṣèṣì. Lórí irú iṣẹ́ yìí ni ilé iṣẹ́ DeepMind ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Ithaca, tó jáde ní 2022. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ Gíríìkì tó lé ní 78,000 kọ́ ọ. Bí àwọn onímọ̀ ìtàn bá dá gbìyànjú láti fi lẹ́tà tó sọnù padà, wọ́n ń gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ithaca nìkan gba 62. Àwọn onímọ̀ pẹ̀lú Ithaca gba 72. Àmọ́ ẹ wo iye yẹn, 78,000. Kò sí ohun tó tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi kọ́ ẹ̀rọ ní ti Gao, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti Àkókó.

Ní Ìkùn-Àkókó níbí, òkúta pọ̀ ju ìwé lọ, kò sì sí ẹni tó kọ nǹkan sí wọn lára láyé àtijọ́. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ifẹ̀ pàápàá, ìṣó irin ni wọ́n kàn mọ́ ọn, kì í ṣe lẹ́tà. Ẹnu àwọn àgbà la gbára lé, lẹ́yìn náà ni ìwé tí ìjọba kọ. Òfin oyè jíjẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jáde ní 1957, ìlú lẹ́yìn ìlú sì ní láti kọ ìdílé tó ń jọba àti bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ti ń yí padà lẹ́nu láti ìran dé ìran wá di ìwé kan ṣoṣo tó dúró gbọin. Ìwé yẹn ni àwọn lọ́yà ń gbé lọ sí kóòtù títí dòní nígbà tí ìdílé méjì bá ń du oyè. A ò sọ pé irọ́ ni wọ́n kọ. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tó jókòó kọ ọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀, bí al-Sa'di náà ṣe mọ̀ ọ́n ní Timbuktu. Ẹni tí kò sí ní ìjókòó lọ́jọ́ náà, ìdílé rẹ̀ lè má sí nínú ìwé.

Ẹ̀rí tí kò bá ẹnikẹ́ni du oyè ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Láti Ìkùn dé Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́, àwọn ilé ìgbà kòkó wà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ ọdún sí iwájú wọn. Sàréè wà ní ojúde ilé tí orúkọ àti ọjọ́ wà lára wọn. Ẹni tó bá ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe á rẹ́ iwájú ilé, á kùn ún lọ́dà, ọdún á wọlẹ̀ síbẹ̀. Àwa díẹ̀ ti ń fi fóònù ya wọ́n, a ń kọ àdúgbò, ọ̀rọ̀ ara wọn gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, títí kan àṣìkọ, àti ibi tó ti họ. A kì í fi ohun tó sọnù dí i. Lára sàréè kan, orúkọ obìnrin náà àti ti bàbá rẹ̀ ṣe é kà, oyè rẹ̀ náà ṣe é kà. Ọdún ikú rẹ̀ ku 19 àti ilà kan tó lè jẹ́ 4, tó sì lè jẹ́ 1.