Ẹfúnṣetán méjì

Ẹ̀yin tí mo kọ́ rí, tí ẹ ń kọ eré fíìmù báyìí, ẹ máa ń bi mí bí a ṣe ń mú kí ẹ̀dá ìtàn yí padà lójú òǹwòran. Láti Ìlerò níbí, ìdáhùn mi ò ju ọ̀kan lọ: ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn.

Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, tó jáde ní 1921, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló pa á. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà fẹ̀sùn kàn án pé kò ti òun lẹ́yìn lójú ogun. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì lo àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á lóru.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá, nínú eré rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1970, fi àìlọ́mọ ṣe gbòǹgbò ìwà rẹ̀. Ẹni tí kò lọ́mọ kò fẹ́ kí ẹrú rẹ̀ bímọ. Òfin yẹn ló pa Adétutù aláboyún, òun ló sì kó ogun ìlú wá bá a. Nígbẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ló mu májèlé. Ìrora di ìkà, ìkà di ìparun. Okùn náà ò já níbì kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Eré yẹn wọlé, ó wọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di fíìmù. Lónìí, ìkà nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí; wọn ò rántí oníṣòwò tó ń ta ohun ìjà láwìn fáwọn ológun. Bí ẹ bá ń kọ ẹni tó gbé ayé rí, ẹ fún un ní ìdí ìwà rẹ̀. Ẹ wá bi ara yín pẹ̀lú: ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè?