Àlejò Tó Gbé Ìkòkò Rẹ̀ Wá

Láyé ìjọba òyìnbó, ilé kan wà ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké Ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní rẹ́sì háòsì. Ilé àlejò ni, ṣùgbọ́n kò ní onílé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ sí i ni yóò gbé ibùsùn rẹ̀ wá, yóò mú kúùkù rẹ̀ dání, yóò sì kó ìkòkò, àwo, fìtílà àti oúnjẹ rẹ̀ wá. Ògiri àti òrùlé ni yóò bá níbẹ̀. Mo ti kà á pé lónìí àwọn ènìyàn ń sanwó láti ṣe irú rẹ̀ ní etíkun Ireland: wọn a gba kọ́kọ́rọ́ ilé kékeré kan tó dojú kọ òkun, wọn a máa dáná fúnra wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn a sì padà sílé. Fàájì ni tiwọn. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń bá wá sí èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn tí kò sùn níbẹ̀ rí ló sì ru ẹrù rẹ̀.

Ọmọ Tápà ni mí, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá. (Orúkọ yìí kan náà ni Yorùbá fi ń pe àwọn Núpé, ṣùgbọ́n ìlú wa ni mo ń wí.) Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò kì í dáná. Onílé ló ń dáná fún un, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan nínú àká. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, lẹ́yìn rẹ̀ la ti ń san án. Nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, tí wọ́n sì rìn dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, ìwé ìrìn-àjò wọn fi hàn pé láti ìlú dé ìlú ni àwọn ọba ti ń fún wọn nílé, tí wọ́n sì ń fi iṣu àti ẹran ránṣẹ́ sí wọn. Òyìnbó ni wọ́n, àjèjì pátápátá, síbẹ̀ ìkòkò onílé ni wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fìdí múlẹ̀, lẹ́yìn àdéhùn tí Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀ ní ọdún 1893, àṣà náà yí padà. Ajẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí agbègbè rẹ̀ ká láti gbọ́ ẹjọ́, kí ó wo ọ̀nà, kí ó sì yẹ ìwé owó wò. Kò sí mọ́tò tó tó nǹkan nígbà náà. Orí ènìyàn ni ẹrù rẹ̀ ń gùn: ibùsùn tó ń ká pọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn, àpótí oúnjẹ inú agolo, àga, àní ọpọ́n ìwẹ̀ pàápàá. Ẹrù aláàárù kan a máa tó nǹkan bí pọ́n-ùn 56 sí 60. Ẹ fojú inú wo ọ̀wọ́ ènìyàn tó ń gba inú igbó bọ̀ torí oorun alẹ́ méjì ẹnì kan ṣoṣo!

Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n sì máa ń kọ́ ilé náà sí, níbi tó bá ga díẹ̀. Èyí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1897 ni Ronald Ross fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn dókítà kan láti Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wa, wọ́n sì gbà ìjọba nímọ̀ràn pé kí òyìnbó má ṣe sùn nítòsí ilé aláwọ̀ dúdú. William MacGregor, tó jẹ́ Gómìnà Èkó nígbà náà, kò fara mọ́ ọn. Ó ní kí gbogbo ènìyàn máa lo kuníìnì, kí a sì gbẹ́ omi ẹrẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni mo rò pé ó sàn jù, àmọ́ ti àwọn dókítà yẹn ló borí.

Ta ló ń tún ọ̀nà ṣe, ta ló sì ń ru ẹrù? Àwọn ará ìlú ni, lábẹ́ àṣẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò, tí kò jìnnà sí wa, dìde sí ìjọba. Iṣẹ́ tipátipá wà lára ohun tó bí wọn nínú, pẹ̀lú kóòtù tuntun. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá jagun Adúbí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé àlejò nìkan ló dá ìjà wọ̀nyí sílẹ̀, owó orí wà níbẹ̀, àṣejù àwọn olóyè kan náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara nǹkan kan náà ni ilé náà. Ní 1930 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Geneva fẹnu kò láti fòpin sí iṣẹ́ tipátipá.

Ní àwọn ìlú ńlá, ìjọba dá irú kejì sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún àlejò, wọ́n sì pè é ní Catering Rest House. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò tètè rí ibẹ̀ wọ̀. Àní ní Èkó pàápàá, ní 1947, Bristol Hotel kọ̀ láti gba Ivor Cummings sílé nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin yìí. Ariwo ta, ìjọba sì pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Ohun tó ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni omi. Òyìnbó arìnrìn-àjò ní asẹ́ omi tirẹ̀, kúùkù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ se omi kí ó hó kí ó tó gbé e fún un mu. Ní Ìbàràpá nígbà náà, adágún omi àti ọ̀gọ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú omi yẹn sì ni sobìà ti ń wá. Kòkòrò tíńtín kan ló ń gbé ọmọ sobìà nínú omi. Ẹni tó bá mu ún kò ní mọ̀ títí di nǹkan bí ọdún kan, nígbà tí aràn tó lè gùn tó mítà kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí sobìà mú kò lè lọ sóko, ọmọ tí ó mú kò lè rìn dé ilé ìwé. Ará Rọ́ṣíà kan, Aleksei Fedchenko, ti rí iṣẹ́ kòkòrò inú omi yìí ní nǹkan bí ọdún 1870. Nítorí náà, ìmọ̀ ti wà nínú ìwé kí ọ̀pọ̀ rẹ́sì háòsì tó dúró. Mi ò sọ pé gbogbo ajẹ́lẹ̀ ni kò láàánú. A rí nínú wọn tó jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń mu omi tó ti sẹ́, tó ń jẹ nínú agolo tirẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, kò ní ìdí kankan láti béèrè ohun tó wà nínú àmù wa.

Irú àlejò mìíràn dé ní 1963. Ní ọdún náà ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wá gbé níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ láti agboolé dé agboolé. Nígbà tó yá, Ìdèrè di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí sobìà. Wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn láti di òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn wọ̀nyí ló sì ń ta aṣọ ọ̀rá tí ihò rẹ̀ kéré gan-an, èyí tí à ń ta bo ẹnu àmù kí omi tó wọlé, kí kòkòrò má bàa bá a wọlé. Asẹ́ ni, bíi ti òyìnbó ọjọ́sí, àmọ́ orí àmù onílé ni ó wà báyìí. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni tí sobìà mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.