Ọdún Kan Tó Ṣí Kúrò Nílé-ẹ̀kọ́ Girama: Ìtàn Form Six àti Àwa Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti gboyè jáde, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n: àwọn tó wá bá wa ní 200 level, tí wọn kò bá wa jìyà 100 level. Direct Entry là ń pè wọ́n. Àwọn kan nínú wa máa ń wò wọ́n bí ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ṣùgbọ́n tí a bá yẹ ìtàn wò, a ó rí i pé ọ̀nà tí wọ́n gbà wá dàgbà ju JAMB lọ. Nígbà kan, inú ilé-ẹ̀kọ́ girama gan-an ni ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ 100 level, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn.

Ìgbà Form Six là ń sọ. Lẹ́yìn Form Five, ẹni tó bá yege dáadáa nínú School Cert lè dúró fún ọdún méjì sí i: Lower Six àti Upper Six. Kì í ṣe iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló ń ṣe mọ́, mẹ́ta péré ni, pẹ̀lú General Paper. Ṣùgbọ́n mẹ́ta yẹn jinlẹ̀. Ìdánwò tó wà lópin rẹ̀ ni HSC. Cambridge ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n dá WAEC sílẹ̀ ní 1952, ó bọ́ sọ́wọ́ WAEC díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ girama? Nítorí pé abẹ́ Yunifásítì London ni University College Ibadan wà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1948. Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta ni digrí, torí pé ọmọ ti gbọ́dọ̀ ṣe A-level kó tó débẹ̀. Ìlànà yẹn náà ni Ibadan bá dàgbà. Nígbà tí Nsukka bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ọ̀nà Amẹ́ríkà ló tọ̀: ó ń gba ọmọ tó ní School Cert, ó sì ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí: ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ gíga, ilé ta ni kó wà? Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, àbí yunifásítì?

Ní àgbègbè tiwa ńkọ́? Ìlú kékeré ni Ẹ̀rìn-Ilé, ẹ̀gbẹ́ Ọ̀fà ló wà. Títí di 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tó di Kwara sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Àríwá la wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wá. Àwọn ará Ọ̀fà ti fi ọwọ́ ara wọn dá Offa Grammar School sílẹ̀ láti 1943. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ yìí lápapọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó ní Form Six kò pọ̀. Ó gba olùkọ́ tó ní digrí, ó gba láàbù tó péye, owó kékeré kọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ HSC sábà máa ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn ni.

Àwọn tí kò lè kúrò nílé wá ọgbọ́n mìíràn. Ọ̀pọ̀ tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń gba ìwé ẹ̀kọ́ láti ọwọ́ Wolsey Hall tàbí Rapid Results College nílùú Ọba. Wọ́n á kọ́ ọmọ lọ́sàn-án, wọ́n á tan àtùpà lálẹ́, wọ́n á sì lọ jókòó fún GCE A-level fúnra wọn. Irú ẹ̀kọ́ àkọ́sílé bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà fi gba digrí B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944.

Ní àwọn ọdún 1970, Àríwá rí i pé Form Six kò tó. Ahmadu Bello University, Zaria, ló di ibùjókòó IJMB, ìdánwò tí ọmọ lè fi ọdún kan tàbí méjì múra sílẹ̀ fún ní ilé-ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ sí girama. Nígbà tí University of Ilorin sì bẹ̀rẹ̀ ní 1975 lábẹ́ Ibadan, yunifásítì súnmọ́ wa. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kò ní láti dé Zaria tàbí Ibadan dandan mọ́.

Ìgbà náà ni 6-3-3-4 dé. Ìlànà Ètò-ẹ̀kọ́ ti 1977 ló gbé e kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1982, àwọn àkọ́kọ́ sì ṣe SSCE ní 1988. Form Six kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ètò àtijọ́: ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 5 ní girama, 2 ní Form Six, 3 ní yunifásítì. Ó jẹ́ 16. Ètò tuntun: 6, 3, 3, 4. Ó jẹ́ 16 náà. Ọdún kankan kò sọnù. Ọdún kan péré ló ṣí kúrò ní girama, tó kó lọ sí yunifásítì. Òun la wá ń pè ní 100 level.

Ìdí wà fún un, a kò ní parọ́. Form Six ṣe bí ẹnu ọ̀nà tóóró: ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní i, tí òbí rẹ̀ kò sì lówó ibòmíràn, ìta ló dúró sí. 6-3-3-4 la ilẹ̀kùn yẹn gbayawu. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka èyí ni kò bá má dé yunifásítì tí kò bá sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yọ kúrò ní girama kò kúrò lọ́jà. IJMB ṣì wà. Ní 2014, JUPEB dé, Yunifásítì Lagos sì wà lára àwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta náà ni, A títí dé E náà ni. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, 200 level ló ń bọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé owó gọbọi ni òbí ń san fún un báyìí, lẹ́yìn tí ọmọ ti parí SS3. Ohun tó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ọjà ìta.

Àwọn mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò pa Form Six tiwọn rẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn fi ń ní kí ẹni tó mú SSCE lọ kọ́kọ́ ṣe ọdún ìpìlẹ̀. Amẹ́ríkà tó ní ọdún mẹ́rin bíi tiwa gan-an ti ní Advanced Placement láti àárín ọdún 1950: ọmọ girama lè ṣe iṣẹ́ yunifásítì ní kíláàsì rẹ̀, kí yunifásítì tó gbà á sì kà á sí i lọ́rùn.

Ní July 2024, mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18 kó tó wọ yunifásítì. Ní November ọdún náà, mínísítà tuntun dá a padà sí 16. Gbogbo ayé ń jiyàn lórí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè ni pé: ọmọ tó parí SS3 ní ọdún 16, tí JAMB kò mú, kí ló fẹ́ máa ṣe nílé? Láyé Form Six, ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn. Lónìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló wà, ó ń dúró de JAMB mìíràn.

Ohun tí àwa rò nìyí. Kí a má dá HSC padà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Ẹ̀rìn-Ilé, Ọ̀fà àti àwọn ìlú tó yí wa ká lè pawọ́ pọ̀ ní kíláàsì A-level kan ṣoṣo. Federal Polytechnic ti wà ní Ọ̀fà láti 1992. Láàbù àti olùkọ́ kò jìnnà sí wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òun náà sì ni Ọ̀fà fi kọ́ girama ní 1943.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ṣe HSC, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí wa. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni, ẹ mélòó lẹ wà ní kíláàsì, ta ló san owó yín? Ìtàn yẹn wà lọ́wọ́ yín, a fẹ́ gbọ́ ọ kó tó lọ.