Ta Ló Yí Bátì Padà?

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ẹni tó gbẹ́ ère ti gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ku àwọn tó máa wò ó, tí wọn á ní imú rẹ̀ gùn jù, tí wọn á ní etí rẹ̀ kéré. Bí a ṣe máa ń pa òwe náà nìyẹn, ó sì bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta kan wà níbẹ̀ tí òwe náà kò dárúkọ, igi fúnra rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè dákẹ́, gbẹ́nugbẹ́nu lè máa sọ tirẹ̀. Igi ní tirẹ̀ kò dẹ́kun iṣẹ́. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó ń tú u sílẹ̀, ó ń wú, ó ń súnkì. Ọwọ́ àwọn tó ń gbá tẹ́bù tẹ́níìsì ni èyí ti hàn jù lójú tèmi.

Ẹni tó bá ti lo bátì kan fún ọdún méjì, mẹ́ta, kò ní ṣàì sọ lọ́jọ́ kan pé bí bátì òun ṣe rí nígbà tí òun rà á kọ́ nìyí. Òmíràn á ní ó ti rọ̀ jù, bọ́ọ̀lù kì í ta lójú rẹ̀ mọ́. Òmíràn á ní ó ti gan, ó ń dun òun lọ́wọ́. Òmíràn ò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣe é. Ó ṣáà mọ̀ pé ìró rẹ̀ ti yàtọ̀. Ẹ̀sùn á wá bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ṣe é kò ṣe é re, ẹni tó tà á ta ayédèrú fún un. Ọwọ́ wọn kò parọ́, nǹkan ti yí padà lóòótọ́. Ẹni tí wọ́n ń di ẹ̀bi rù ni kì í sábà jẹ́ ẹlẹ́bi.

Òfin ITTF, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, sọ pé ó kéré tán, ìdá 85 nínú 100 ìnípọn pátákó bátì gbọ́dọ̀ jẹ́ igi gidi. Fọ́nrán carbon tí àwọn kan ń tẹ́ sáàárín igi kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 0.35 lọ ní ìpele kan. Bó ti wù kí bátì wọ́n tó, igi ni. Irú igi wo wá ni? Ibí yìí ló yẹ kí àwa ará Àyèká, nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fetí sí. Igi tí àwọn tó ń ṣe bátì ní Sweden, Jámánì àti Ṣáínà ń pè ní ayous, tí wọ́n fi ń ṣe àárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ bátì, arère wa ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní limba, tí wọ́n máa ń fi bo ojú rẹ̀, afàrà ni. Àwọn igi méjèèjì ń hù láti igbó Ghana títí dé Congo, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sì wà láàárín. Ọmọ Okitipupa tó na owó ńlá lórí bátì òkè òkun lè jẹ́ pé irú igi tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ayùn gé ló tún gbà padà lọ́wọ́ òyìnbó.

Ẹni tó bá mọ arère ní sọ́mìlì ti mọ ìwà rẹ̀. Ó fúyẹ́, ìṣó tètè ń wọ̀ ọ́, kì í bá omi jà. Bí wọ́n bá là á nígbà òjò tí wọn kò tètè sá a, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni àbàwọ́n tó dà bí aró á ti máa yọ lára pákó funfun náà. Igi tó gba omi báyìí nígbà tó wà ní pákó kò ní gbàgbé ìwà náà torí pé wọ́n ti sọ ọ́ di bátì.

Bátì onípele igi márùn-ún ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tó nípọn wà láàárín. Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ìdàkejì ni wọ́n da ojú ọ̀nà igi rẹ̀, ní ìbú. Èyí tó wà lóde tún padà tọ ọ̀nà ọwọ́ tí a ń dì mú. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú plywood tí wọ́n ń ṣe ní iléeṣẹ́ African Timber and Plywood ní Sapele láyé ọjọ́un. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ wú ní gígùn. Ní ìbú ló ti ń wú. Nítorí náà, bí omi bá wọ̀ ọ́, bí ìpele kan ti fẹ́ fẹ̀, èyí tó dábùú rẹ̀ ń dá a dúró, gọ́ọ̀mù tó wà láàárín wọn ló sì ń jẹ ìyà ìfà náà. Òjò wọlé, ọyẹ́ wọlé, ìfà náà kò dúró.

Ní Àyèká, láti nǹkan bí oṣù kẹta ni òjò ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ó tún ń rọ̀ wọ oṣù kọkànlá. Òkun kò jìnnà. Aṣọ tí a sá kì í tètè gbẹ. Igi tí wọ́n gbẹ dáadáa kí wọ́n tó fi ṣe bátì lókè òkun sábà máa ń ní omi tó jẹ́ ìdá 8 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Nínú irú afẹ́fẹ́ tiwa yìí, omi náà lè kọjá ìdá 15. Lára bátì oní 85 giramu, giramu mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. Kò tó nǹkan lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n orí bátì ló pọ̀ sí, ọwọ́ sì mọ̀ ọ́n. Igi tó mu omi tún ń rọ̀ sí i: kì í ta bọ́ọ̀lù padà kíákíá, ìró rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀. Onígángan mọ irú rẹ̀, òun tí ń fi ìlù yáná bí awọ bá ti tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi bátì yáná, tàbí tó sá a sóòrùn, ó ń ba tirẹ̀ jẹ́ ni: ojú kan á gbẹ ṣáájú èkejì, pátákó á sì tẹ̀ kọdọrọ.

Rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú pátákó ńkọ́? Tipẹ́tipẹ́ kí igi tó rẹ̀ ni rọ́bà ti ń kú. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ń rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, kì í sì í lè yí bọ́ọ̀lù mọ́. Ọ̀pọ̀ bátì tí wọ́n ní igi rẹ̀ ti kú, rọ́bà tuntun ló ń fẹ́.

Ẹ tún wo bọ́ọ̀lù. Ṣẹ́gun Tòríọlá, ọmọ Nàìjíríà tó gbá eré yìí, lọ sí ìdíje Olympics méje, láti Barcelona 1992 títí dé Rio 2016. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù celluloid oní mìlímítà 38 ni wọ́n ń gbá. Ní 2000 wọ́n sọ ọ́ di mìlímítà 40. Ní 2008 wọ́n fòfin de gọ́ọ̀mù olóòórùn tí àwọn eléré ń fi sábẹ́ rọ́bà kí ó lè ta, tí ó sì ń mú kí bátì ké gbà-gbà-gbà. Gọ́ọ̀mù olómi ló rọ́pò rẹ̀. Ní 2014 bọ́ọ̀lù oníke dé. Ká ní ẹnì kan tọ́jú pátákó kan ṣoṣo sínú àpótí tó gbẹ jálẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí igi náà kò yí padà rárá, ní 2008 nìkan á ti búra pé igi òun ti kú. Kí ọkùnrin kan la gbogbo èyí kọjá, kó sì ṣì máa ṣojú Nàìjíríà, iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì yìn ín tó.

Gọ́ọ̀mù olómi náà mú wàhálà tirẹ̀ wá. Bí wọ́n bá ń ṣí rọ́bà kúrò, ẹ wo ẹ̀yìn fóòmù náà dáadáa: ẹ ó rí fọ́nrán igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá bí afàrà bá wà lójú pátákó. Ṣíṣí kọ̀ọ̀kan ń bó díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kun fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, tí wọ́n sì ń rọra ka rọ́bà láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kì í já a gbà. Fáníìṣì tó bá nípọn jù, ẹ̀wẹ̀, á mú ojú igi gan.

Kí a tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ó yẹ ká bi pátákó náà léèrè. Ní ọjọ́ tó bá ṣì wà ní tuntun, kí rọ́bà tó bò ó, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oṣù tó jẹ́. Ẹ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já lé e lójú, kí ẹ sì fi fóònù gba ìró rẹ̀ sílẹ̀. Pátákó tó gan ń dún òkè. Èyí tó rọ̀ ń dún ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá tún pààrọ̀ rọ́bà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kan náà. Bí ìwọ̀n àti ìró bá ṣì dọ́gba, igi kò ṣẹ̀. Ẹ lọ wo rọ́bà, tàbí kí ẹ wo apá ara yín tó ti lágbára ju tàtijọ́ lọ. Bí ó bá wúwo tí ìró sì rẹlẹ̀, omi ni. Ẹ gbé e sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kúrò lára ògiri, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó bá ń dún gìrìgìrì bíi pé nǹkan kan ń mì nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ti là. Onígi tó mọ iṣẹ́ lè ki gọ́ọ̀mù bọ ibẹ̀, kó fi ìdè fún un mọ́jú, ṣùgbọ́n kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀.