Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Ohùn Ampílífáyà Gìtá

Ọ̀rọ̀ àfarawé ohùn gìtá ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ìdí rẹ̀, nítorí nígbà tí Jim Marshall àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan ampílífáyà wọn àkọ́kọ́ ní Hanwell, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962, Bassman tí Fender ṣe ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wò ṣe é. Ṣùgbọ́n bí fáàfù (ìgò oníná tí ń mú ohùn lágbára) àti sípíkà tí wọ́n rí lò ti yàtọ̀, ohùn tirẹ̀ tí ń bú ramúramù ni ó mú wáyé. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, àmọ́ nídìí iṣẹ́ yìí, àṣejù gan-an ni baba adùn: ìgbà tí a bá ti fáàfù kọjá agbára rẹ̀ ni ohùn ń ha, tí ó sì ń wọni lára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aládùúgbò tí yóò fara da irú ariwo bẹ́ẹ̀ lóru.

Ìnira yìí ni ó bí àwọn afarawé. Ní 1989, Andrew Barta ti Tech 21 gbé SansAmp jáde, àpótí kékeré tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Nígbà tí ó di 1998, Line 6 gbé Amp Farm kalẹ̀ fún Pro Tools, ètò ìgbasílẹ̀ orin, ṣùgbọ́n káàdì ọ̀wọ́n gógó tí a ń fi sínú kọ̀ǹpútà ni ó ń lò, ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò sì tó o. AmpliTube tí IK Multimedia ṣe ní Modena ní Ítálì, àti Guitar Rig tí Native Instruments ti Berlin gbé jáde ní 2004, ni wọ́n mú iṣẹ́ àfarawé yìí wọ inú kọ̀ǹpútà ilé lásán.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ń fi ìṣirò fara wé ipele kọ̀ọ̀kan tí iná ń là kọjá, nítorí náà bí ẹ bá yí bọ́tìnnì, ohùn a bá a yí. Profiler tí Christoph Kemper ará Jámánì gbé jáde ní nǹkan bí 2011, àti Neural Amp Modeler tí Steven Atkinson fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ, kò bìkítà ohun tí ó wà nínú àpótí: a ó rán ìró wọ inú ampílífáyà gidi, wọn yóò gbọ́ ohun tí ó jáde, wọn yóò sì kọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì. Ọ̀nà yìí ni ó sábà máa ń súnmọ́ ojúlówó jù, àmọ́ ipò tí bọ́tìnnì wà lọ́jọ́ ìgbasílẹ̀ ni ó mọ̀ dunjú. Èmi a máa yàn án fún orin tí mo ti mọ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ṣì ń wá ohùn kiri, ti ìṣáájú ni mò ń lò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi wọ́n wéra lódodo, kí ó kọ́kọ́ fi ìró sípíkà kan náà sí ìdí gbogbo wọn, nítorí sípíkà àti makirofóònù iwájú rẹ̀ a máa yí ohùn padà lọ́pọ̀ ìgbà ju ampílífáyà fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó rọra dín ohùn kù lára gìtá, kí ó sì fetí sílẹ̀ bóyá híha náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ti fáàfù, tàbí ńṣe ni ó ń já lójijì.